Kẹ́ẹ̀gì Funfun Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí èbúté, Elétí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kì í tú ẹ́ńjìnnì kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n á gbé e kọ́ sára igi, wọ́n á fa okùn rẹ̀ kó dún, Elétí á tẹ̀ síwájú, á di ojú, á ní, "Plọ́ọ̀gì kejì ti kú," tàbí, "Omi ti wọ inú epo yín." Bí wọ́n bá wá tú u, bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n á bá a. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, torí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì sí ẹni tí kì í fi í gé.

Ẹni tó ń fi gé jù lọ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ọmọ náà ti lé lógójì ọdún. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń fi sípánà gbá ọwọ́ náà pé kó fi ọ̀tún ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọ èèyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọ́. Nígbà tó sú bàbá, ó kúkú sọ ọmọ ní Òsì. "Òsì, gbé omi wá." "Òsì, nu ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn." Tí inú bá wá ń bí i dáadáa, á fi ahọ́n yí orúkọ náà díẹ̀, á di Òṣì, àwọn oníbàárà á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tó pẹ́, orúkọ náà mọ́ gbogbo èbúté lẹ́nu, òun alára sì ń dáhùn sí i.

Ó ti lọ́kọ rí. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn ìkẹta ni ọkọ rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Òsì ru àpótí náà padà sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó mú sípánà. Ó ti di ọdún méjìlá báyìí. Iṣẹ́ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù náà jáde, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ń gbà kọjá, bí kò bá tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ELÉTÍ ÀTI ỌMỌ RẸ̀ ỌKÙNRIN. Ọmọkùnrin ọ̀hún, àbúrò Òsì, ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Kò tíì fọwọ́ kan bóòtù irin kan rí láyé rẹ̀, àfi èyí tó wà lára àga tó ń jókòó lé.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ létí èbúté: ojú Elétí ti ń lọ. Òsì ló kọ́kọ́ rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ da tíì gbígbóná sórí tábìlì, ó dà á pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ìka mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ife. Nígbà tó gbọ́ tí tíì ń ro sílẹ̀, ó kígbe pé ta ló sún ife òun. Òsì wo ife tí ẹnikẹ́ni kò sún, ó wo ojú bàbá rẹ̀ tí kùrukùru funfun ti bo ẹyin rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tún ṣọ́ọ̀bù tò fún un. Ó to bóòtù sínú agolo láti kékeré dé ńlá, láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Ó so sípánà kọ́ ní ìpele-ìpele. Ohunkóhun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ bá na sí, ibẹ̀ ni nǹkan náà á wà. Bàbá kò dúpẹ́ rí, torí bó bá dúpẹ́, á jẹ́ pé ó gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ń fi ojú ìkejì ríran, tí ìkejì sì ń bú u lójoojúmọ́ pé kò wúlò.

Èyí tí Òsì máa ń ṣọ́ jù lọ ni ọ́ìlì. Ọ̀nà méjì ló pín sí nínú iṣẹ́ yìí, èèyàn ò sì gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àwọn tó ń ké tó sì ń rú èéfín, inú bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń mu ọ́ìlì tiwọn. Èèyàn á pò ó mọ́ epo, á bá epo jóná tán. Ọ́ìlì ọ̀hún ṣàn, ó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun, tí ohùn wọn kò ju ti ológbò tó ń sùn lọ, ní ikùn lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò. Inú ikùn yìí ni ọ́ìlì wọn ń gbé, òun ni kì í jẹ́ kí irin ó gbo irin. Tiwọn ki díẹ̀, wọ́n sì po oògùn ìpẹtà mọ́ ọn nítorí omi iyọ̀, ìyẹn ni ti mọ́tò gan-an kò fi tó fún wọn. Bí ẹnì kan bá wá ṣèèṣì da èyí tó fẹ́lẹ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, títí irin inú rẹ̀ á fi gbá ara wọn mú, tí á sì dúró gbagidi.

Tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì pupa ni ti pípò, dúdú ni ti ikùn, Elétí ṣì lè fi ojú tó kù fún un mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Àfi bí àwọn tó ń kó ọ́ìlì wá ṣe yí ìwà padà, tí wọ́n ń rọ méjèèjì sínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan náà, tó jẹ́ pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára nìkan ló fi ìyàtọ̀ hàn. Òsì kó ti ikùn sórí pẹpẹ òkè, ó kó ti pípò sí ìsàlẹ̀. Ó wá ń sọ lóhùn rara bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ti ikùn ló wà lókè o." Bàbá á ní, "Ta ló bi ọ́?" Ṣùgbọ́n òkè ni ọwọ́ rẹ̀ á lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, páálí ọ́ìlì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Òsì ti já páálí méjì, ó yọ kẹ́ẹ̀gì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó fẹ́ nu pẹpẹ kó tó tò wọ́n. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù wọlé. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kì í ṣí lẹ́bùúté bí ó bá ti rí ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ lókèèrè. Àwọn èrò inú ọkọ̀ á máa kùn, Sùúrù á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é, èèyàn náà ni." Òun nìkan létí omi ni kò pe obìnrin yìí ní Òsì rí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ́ńjìnnì tuntun ló gbé wá, ó ń dán gbinrin, ó fi aṣọ wé orí rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lápò.

"Bàbá, ọ́ìlì rẹ̀ ni mo fẹ́ ká pààrọ̀. Ìwé yìí ní tó bá ti ṣiṣẹ́ ogún wákàtí àkọ́kọ́, ká da ti inú rẹ̀ nù, ká fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n èwo gan-an? Ẹnì kan ní ti mọ́tò dáa. Ẹlòmíràn ní kò dáa. Ó ti rú mi lójú."

Awakọ̀ mẹ́rin ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń gba atẹ́gùn. Elétí kọjú sí wọn.

"Ìwé! Ẹ gbọ́ ná, ìwé ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe báyìí. Ẹ kúkú so ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kó máa gbé yín sọdá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sùúrù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tó ń rojú. Òsì nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó ṣí i.

"Ó wà níbí," ó ní. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi, èyí tó ń lọ sínú ikùn. Kì í ṣe ti mọ́tò, kì í sì í ṣe èyí tí à ń pò mọ́ epo. Bàbá, àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí tábìlì yẹn, mi ò tíì—"

"Ta ló bi ọ́?"

"Mo kàn ní kí n—"

"Ẹ gbọ́ o," Elétí sọ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó fẹ́ pa àlọ́. "Ikùn tí kò lè gba ọmọ dúró lẹ́ẹ̀mẹta, òun ló fẹ́ sọ ohun tí ikùn ẹ́ńjìnnì ń jẹ fún mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rín náà bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu ni, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Sùúrù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Pa ẹnu ẹ dé," bàbá wí. "Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, màá pè ọ́."

Òsì pa ẹnu dé.

Elétí fa ọ́ìlì ògbólógbòó jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì náà, ó di ìdí rẹ̀ le, ó ki àrọ bọ ẹnu ikùn. Ó wá na ọwọ́ sórí tábìlì. Ọwọ́ náà bá kẹ́ẹ̀gì kan, ó fi í sílẹ̀, ó bá ìkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́, ó gbé e. Ti pípò ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni Òsì fi jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kò pọ̀: "Bàbá, ìkejì ni." Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò, kò sì jáde.

Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni Elétí ti fi ọ́ìlì ra láàárín ìka méjì kó tó dà á. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìka rẹ̀ ì bá sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bí àna rẹ̀ ṣe gbé àpótí Òsì sẹ́nu ọ̀nà, bí ọmọ òun ṣe ru ú wọlé bí ẹni tó ń dá ọjà tí kò tà padà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń da ọ́ìlì. Òsì ń wò ó. Ó wo ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ náà tó ń yára sáré wọlé, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé ó yára jù. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó pẹ́ gan-an tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Elétí fa géèjì tí wọ́n fi ń yẹ ọ́ìlì wò yọ, ó nà án sí Sùúrù. "Wò ó. Ibi tó yẹ kó dé ló dé yẹn àbí?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣé o."

Nígbà tí Sùúrù ń so ẹ́ńjìnnì náà padà mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó rí Òsì tó wá da omi ìdọ̀tí nù. Ó súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ti Bàbá ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dáa. Kò dáa rárá." Ó yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kà. Ọ́ìlì yẹn, ṣé òun náà ni?"

Òsì wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì láti inú ṣọ́ọ̀bù, ohùn bàbá rẹ̀ sì lékè.

"Òun ni," ó ní.

"Ẹ ṣeun. Ọkàn mi balẹ̀."

Ó padà wọlé, ó nu pẹpẹ, ó to àwọn kẹ́ẹ̀gì yòókù sí àyè wọn, ti ikùn lókè, ti pípò nísàlẹ̀. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé ẹ́ńjìnnì náà á kú lẹ́bùúté, níwájú gbogbo ayé, Sùúrù á gbé e padà wá, wọ́n á tú ìdí rẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn jáde, gbogbo ẹnu tó rẹ́rìn-ín á ṣí sílẹ̀. Ó ro bí ojú bàbá rẹ̀ á ṣe rí. Ó rò ó títí oorun fi gbé e lọ. Kò ro ti afárá tí àwọn ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èrò mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ Sùúrù. Ó ti dúró de ẹnì kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì kan tó pẹ́ níbi iṣẹ́. Omi ti ń fà lágbára nígbà tí wọ́n fi dé agbedeméjì. Ẹ́ńjìnnì kàn dúró ni, kò wúkọ́, kò sín. Sùúrù fa okùn rẹ̀, okùn kò wá, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí ọkọ̀, ó fà á títí ó fi já. Omi sì ń gbé wọn lọ síbi òpó afárá. Ó gbé àjẹ̀, ó fi ti òpó kí ọkọ̀ má baà forí sọ ọ́, àjẹ̀ kán. Ó wá fi ọwọ́. Ọkọ̀ fún ọwọ́ náà mọ́ ara òpó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí kúrò níbẹ̀. Àwọn èrò délẹ̀ láìfarapa, aṣọ wọn kàn rin gbingbin ni. Dọ́kítà gé ìka mẹ́rin lára ọwọ́ ọ̀tún Sùúrù, ó ní àtàǹpàkò ni òun lè fi sílẹ̀ fún un.

Òsì ń fọ plọ́ọ̀gì nígbà tí ìròyìn náà dé. Ó fọ plọ́ọ̀gì náà tán, ó fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ kẹta, àwọn ọlọ́kọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ó tó ogún. Alága wọn ló ṣáájú, ìyá àgbàlagbà kan tó ní ọkọ̀ mẹ́fà, tí kì í pariwo. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Sùúrù kalẹ̀. Ẹnì kan tú ìdí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ohun tó ṣàn jáde dúdú, ó ṣàn bí omi, ó ń rùn bí ohun tó jóná.

"Elétí," Alága wí, "ọ́ìlì wo lo dà sí i?"

Elétí kò gbé orí sókè. Ó ti gbóòórùn rẹ̀. Òsì rí i pé ó ti mọ̀. Ó rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Bóyá ká ní ó sọ òótọ́ ní wákàtí yẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Bóyá Òsì ì bá sọ ti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bàbá na ìka, kò tiẹ̀ ṣì í nà.

"Òun ló dà á. Mo yíjú báyìí ni, Òṣì yìí ti dà á sí i. Ẹ ti mọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Èèyàn mẹ́rin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó ya ẹnu rẹ̀ nínú wọn. Alága yíjú sí Òsì. Òsì lọ síbi bàsíà ìfọwọ́, ó mú kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́, funfun lòun náà. Ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi ka èyí fún wọn."

"Kí ni mo fẹ́ kà?"

"Ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ mọ ọ́ìlì yàtọ̀ sí ọ́ìlì."

Elétí gbé kẹ́ẹ̀gì náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi," ó ní. "Ti inú ikùn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ohùn kan ní, "Ọṣẹ nìyẹn kẹ̀!" Ẹ̀rín náà wá tàn ká, irú èyí tí Òsì mọ̀ dunjú, àmọ́ tí kò tíì gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ibí yìí rí.

"Ó ti tó," Alága wí.

"Kò tíì tó, Ìyá." Òsì na ìka mẹ́ta síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ìka mélòó nìyí?"

Elétí na ọrùn síwájú.

"Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ti ń rí i, àbí? Ọdún méjì ni mo fi ń to ayé yìí síwájú yín. Mélòó ni?"

"Mẹ́rin," bàbá wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ ilé ìwé.

"Mẹ́rin lẹ gbà lọ́wọ́ Sùúrù," Òsì wí.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Alága gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ bàbá, ó gbé e sílẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ó kàn sọ ọ́ níbẹ̀ pé láti òní lọ, Elétí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni mọ́, ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, kó bá obìnrin náà. Ó bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ gan-an?" Òsì sọ ọ́. Ó ti pẹ́ débi pé ohùn rẹ̀ kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé kó wá mú bàbá. Ó ní ilé òun kéré, ó ní àwọn ọmọ òun ń kàwé ìdánwò, ó ní kí wọ́n kí Bàbá dáadáa. Nítorí náà Elétí kò lọ ibì kankan. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ló ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tó jẹ́ ti oníbàárà tẹ́lẹ̀, Òsì a sì máa gbé agolo bóòtù tí wọ́n ti dà pọ̀ lé e lẹ́sẹ̀ pé kó máa fọwọ́ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó bá ṣà wọ́n tán, tó sì jáde lọ tura, Òsì á tún dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni bàbá bi í. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì. Ṣé ò ń wò mí?"

"Mò ń wò yín."

"O sì mọ̀ pé kì í ṣe òun."

"Ẹ ní kí n pa ẹnu dé."

Bàbá yí bóòtù kan láàárín ìka méjì, ó jù ú sínú agolo tirẹ̀. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn sí nǹkan kan.

"Ọmọ mi ni ọ́," ó ní. "Ìyá rẹ ì bá sọ̀rọ̀."

Òsì gbé sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni Sùúrù tó yọjú. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan, ti àtijọ́, tó ń rú èéfín. Wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀, awọ ibẹ̀ pupa, ó ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yan ọ́ìlì," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí kẹ́ẹ̀gì tí Bàbá gbé lẹ fi ní òun ni. Ká ní ọwọ́ yín ló wà lọ́jọ́ yẹn ni, ibi ì bá má ṣẹlẹ̀."

Elétí wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń ṣa bóòtù lọ.

Òsì mú kẹ́ẹ̀gì ti pípò wá láti ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Ó ní, "Èyí lo máa lò. Ìdá àádọ́ta epo, ìdá kan ọ́ìlì. Pò ó dáadáa kó o tó rọ ọ́. Má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o lo ti mọ́tò." Ó ń sọ ọ́ kíákíá, ó kà á fún un láti òkè ìwé tó wà lára rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí kò ní í lò.

Sùúrù fi kẹ́ẹ̀gì náà há abẹ́ apá, ó fẹ́ fi ọwọ́ òsì ṣí i láti gbóòórùn rẹ̀. Ìdérí le, kò wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yìí kò tíì mọ iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe ń fi tiyín ṣe é ná?"

Òsì gbà á, ó ṣí i, ó tún un dé díẹ̀ kó má baà le jù, ó dá a padà fún un.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," Sùúrù wí. "Ọlọ́run á fi rere san án fún yín."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó sì ń dúró, torí kò lè lọ láìjẹ́ pé ó gbọ́ àmín. Òsì ní, "Àmín."